Bí Ìyá Tó Ní Kòkòrò HIV Ṣe Lè Bímọ, Kí Ó Sì Fún Un Lọ́mú, Kí Kòkòrò Náà Má Dé Ara Ọmọ

Ọ̀nà mẹ́ta ni kòkòrò HIV lè gbà kúrò lára ìyá dé ara ọmọ: nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, nígbà ìrọbí àti ìbímọ, àti nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú. Bí ìyá kò bá lo oògùn kankan ní gbogbo àsìkò yìí, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ni yóò kó o. Bí ìyá bá ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí ọmọ náà sì gba tirẹ̀, iye yẹn kì í tó ọmọ 5 nínú 100 mọ́, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń mu ọmú. Bí oògùn bá sì ti ká kòkòrò náà lápá kò kí obìnrin náà tó lóyún, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ọmọ tó kó o.

Oògùn yìí wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó ń kó bá àwọn ọmọ wa ni àlàfo tó máa ń wà láàárín ibì kan àti ibòmíràn: aláboyún tí kò forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, èyí tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ṣùgbọ́n tó lọ bímọ sí ilé agbẹ̀bí, èyí tó bí sí ilé ìwòsàn tán tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, tí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò sì rí ọmọ náà mọ́ títí àìsàn fi dé. Ní ọdún 2022, bí ẹnì kan péré nínú mẹ́ta lára àwọn aláboyún tó ní kòkòrò yìí ní Nàìjíríà ni oògùn dé ọwọ́ rẹ̀. Àlàyé yìí tẹ̀ lé ìyá láti ọjọ́ àyẹ̀wò títí ọmọ fi pé oṣù 18, ibi tí àlàfo náà bá sì ti fẹ̀ jù ni a ó ti dúró pẹ́ jù.

Àyẹ̀wò kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan

Ìwádìí gbogboogbò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018, tí èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019, fi hàn pé 1.4 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà ló ní kòkòrò HIV. Ti àwọn obìnrin jẹ́ 1.9, ti àwọn ọkùnrin jẹ́ 0.9. Iye yìí kéré, kíkéré rẹ̀ gan-an ló sì ń tan ọ̀pọ̀ aláboyún jẹ, tí wọ́n fi ń sọ pé irú rẹ̀ kò lè sí lára àwọn. Bẹ́ẹ̀ HIV kì í hàn lójú. Obìnrin lè gbé e fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí ara rẹ̀ tó fi nǹkan kan hàn.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá forúkọ oyún sílẹ̀, ó sì dára kí ìforúkọsílẹ̀ náà wáyé kí oyún tó ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni wọ́n máa gbà, èsì á sì jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá fi hàn pé kòkòrò wà níbẹ̀, wọn kò ní ka ìyẹn sí òpin ọ̀rọ̀. Wọ́n á fi irú àyẹ̀wò mìíràn jẹ́rìí sí i kí wọ́n tó fún yín lésì. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún sífílíìsì, tó jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, àti hepatitis B, tó jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀, nítorí àwọn méjèèjì náà máa ń ti ara ìyá ran ọmọ, ọ̀nà sì wà tí a lè gbà dènà wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àyẹ̀wò tó ní ẹ kò ní i nígbà tí oyún wà ní oṣù kẹta kò lè jẹ́rìí sí oṣù kẹjọ. Obìnrin tó kó HIV nígbà tó ti lóyún, tàbí nígbà tó ń fún ọmọ lọ́mú, ni ewu ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tí kòkòrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú omi ọmú, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Nítorí náà, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe nígbà tí oyún bá wọ oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá rí i ṣe nígbà náà, ẹ ṣe é ní ọjọ́ ìrọbí, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú lọ́wọ́.

Ọkọ náà gbọ́dọ̀ ṣe é. Àwọn ọkùnrin kan máa ń sọ pé èsì ìyàwó àwọn ni èsì tàwọn, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ kí kòkòrò wà lára ọ̀kan nínú tọkọtaya kí ó má sì sí lára èkejì. Bí ó bá jẹ́ ọkọ ló ní i, tí aya tó lóyún kò ní i, kí ọkọ bẹ̀rẹ̀ oògùn tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n máa lo kọ́ńdọ̀mù, kí aya sì béèrè oògùn ìdáàbòbò tí wọ́n ń pè ní PrEP, èyí tí aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ lè lò láìséwu.

Oògùn ìyá

Iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí kòkòrò lè máa bí sí i, títí iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á fi kéré débi pé àyẹ̀wò kò ní rí i mọ́. Nígbà tí ó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, agbára káká ni yóò fi rí ọ̀nà dé ara ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí ìyá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí èsì bá jáde gan-an, kí ó má sọ pé òun ń lọ ro ó.

Hóró kan lójúmọ́ ni. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tenofovir, lamivudine àti dolutegravir, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń pè é ní TLD. Ní ọdún 2018, ìwádìí kan láti Botswana mú kí ẹ̀rù ba àwọn dókítà pé dolutegravir lè ṣàkóbá fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú oyún, ẹ sì lè pàdé ẹni tó ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Bí ìwádìí náà ṣe ń tẹ̀ síwájú, tí iye ìbí tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ń pọ̀ sí i, ewu náà kò hàn mọ́, láti ọdún 2019 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i fún àwọn obìnrin, títí kan aláboyún.

Ẹ máa lò ó ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, yálà ẹ ti jẹun tàbí ẹ kò tíì jẹun. Ẹni tí èébì àárọ̀ ń dà láàmú lè yan alẹ́. Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fún aláboyún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, àti oògùn egungun tó ní kálísíọ́ọ̀mù, máa ń so mọ́ dolutegravir nínú ikùn, tí ara kò fi ní rí i lò bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lò wọ́n pẹ̀lú oúnjẹ. Bí inú bá ṣófo, ẹ lo TLD ní wákàtí méjì ṣáájú oògùn ẹ̀jẹ̀, tàbí ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn olómi funfun tí àwọn aláboyún máa ń mu nígbà tí àyà bá ń ta wọ́n kò ṣe é lò pọ̀ mọ́ TLD rárá, bí oúnjẹ tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi wákàtí méjì tàbí mẹ́fà yẹn sí àárín wọn. Ohun tó rọrùn jù lójú tèmi ni kí oògùn ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti àárọ̀, kí TLD jẹ́ ti alẹ́. Ẹni tó bá sì ń tọ́jú ikọ́ ife gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí rifampicin, tó wà lára oògùn ikọ́ ife, máa ń dín agbára dolutegravir kù, wọ́n á sì ní kí ó máa lo dolutegravir lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí 36 oyún. Èsì rẹ̀ ló máa sọ bí ìbímọ ṣe yẹ kó rí àti irú oògùn tí ọmọ máa gbà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ó di ẹ̀yìn ìbímọ. Bí ọmọ bá dé tán, ẹ má ṣe dá TLD dúró. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ìyá máa ń dá oògùn dúró bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Malawi ló kọ́kọ́ yí i padà, ní ọdún 2011, pé aláboyún tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ó máa lò ó lọ títí ayé, ọ̀nà yẹn sì ni àgbáyé ń tọ̀ báyìí. Ẹni tó bá sọ pé agbo òun ń wo HIV sàn, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa lo oògùn yín lọ.

Ibi tí ẹ máa bí sí

Ní ilẹ̀ Yorùbá, aláboyún tó forúkọ sílẹ̀ síbi mẹ́ta kì í ṣe ohun tuntun: ọ̀kan ní ilé ìwòsàn ìjọba fún àyẹ̀wò, ọ̀kan ní ilé agbẹ̀bí ìjọ fún àdúrà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá alágbo tó wà ládùúgbò, bí ìrọbí bá lọ mú un lóru. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àdúrà. Ṣùgbọ́n ibi àkọ́kọ́ ni káàdì tí èsì àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀ wà, ibi kẹta sì ni ọmọ sábà máa ń bọ́ sí. Agbẹ̀bí tó gbé ọmọ náà jáde kò mọ̀ pé ó yẹ kó gba oògùn, nọ́ọ̀sì tí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé wọ́n ti bí i.

Ó dára jù kí ẹ bí sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fún yín ní oògùn. Láti oṣù keje ni kí ẹ ti máa tu owó ọkọ̀ jọ, kí ẹ sì ti gba nọ́ńbà awakọ̀ tó lè gbé yín lóru. Bí ẹ bá mọ̀ lọ́kàn yín pé ilé agbẹ̀bí ìjọ tàbí ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lẹ máa bí sí, ẹ má fi bò fún nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ ọ́ síta, kí ó lè rí sí i bí ẹ ó ṣe gba oògùn ọmọ dání ṣáájú, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọmọ wá. Nọ́ọ̀sì tó bá fi ìbínú dá yín lóhùn lórí èyí ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ kan wà tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí wọ́n máa ń béèrè káàdì àyẹ̀wò lọ́wọ́ aláboyún kí wọ́n tó gbà á wọlé, tí wọ́n sì máa ń darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí, irú wọn ni kí ẹ wá.

Ẹ kó TLD tiyín, oògùn ọmọ àti káàdì sínú àpò ìbímọ, kí wọ́n sì wà lókè, kì í ṣe nísàlẹ̀ aṣọ. Ìrọbí kì í dá oògùn dúró: bí wákàtí rẹ̀ bá tó nígbà náà, ẹ lò ó.

Ìyá tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ lè bí ní ojú ara bí àwọn ìyá yòókù. Kò sí ìdí láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí HIV nìkan. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá ṣì ju 1,000 lọ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan nígbà tí ìbímọ ti súnmọ́ ni wọ́n máa ń ṣètò iṣẹ́ abẹ fún ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 38, níbi tí wọ́n bá ti lè ṣe é láìséwu. Agbẹ̀bí kò gbọ́dọ̀ já omi ọmọ, kò gbọ́dọ̀ gé ojú ara, kò sì gbọ́dọ̀ fi irin fa ọmọ láìnídìí, nítorí gbogbo èyí ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ìyá kan ọmọ. Bí omi bá já fúnra rẹ̀ kí ìrọbí tó mú yín, ẹ má jókòó sílé máa retí. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i.

Oògùn ọmọ

Nevirapine olómi ni oògùn ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bá bí i ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe láàárín wákàtí 12 àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò fi lò ó. Bí ẹ bá bí sílé tàbí sí ibòmíràn, tí ọjọ́ kan tàbí méjì ti kọjá, ẹ má rò pé ó ti bọ́. Ẹ gbé ọmọ wá bó ṣe wà. Ọmọ tó bá wọ̀n tó kílógíráàmù 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń gba mìlígíráàmù 15 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, èyí tó jẹ́ mìlílítà 1.5 nínú ìgò tó ní mìlígíráàmù 10 nínú mìlílítà kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọ tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí i, òṣìṣẹ́ ìlera ló sì máa ṣírò rẹ̀ fún yín.

Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí àti ìdérí ìgò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ mi ìgò náà jẹ́jẹ́, ẹ fa oògùn kọjá ìlà díẹ̀, ẹ gbé síríńjì dúró ní ọ̀gangan ojú yín, kí ẹ sì tì í títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi jáde tí oògùn á sì dúró sórí ìlà 1.5 gan-an. Ẹ gbé orí ọmọ sókè díẹ̀. Ẹ ki ẹnu síríńjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, ẹ má kọjú rẹ̀ sí ọ̀fun tààrà, kí ẹ sì máa tì í díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń gbé e mì, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sí ọmú. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ síríńjì náà, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó fi í pamọ́.

Àwọn ọmọ kan wà tí oògùn kan kò tó fún. Bí ìyá kò bá tíì lo oògùn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó bímọ, bí iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ju 1,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ìbímọ, bí ó bá jẹ́ inú oyún tàbí àsìkò ọmú ló ti kó o, tàbí bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìbímọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, wọ́n á fi zidovudine kún nevirapine, ọmọ tó ń mu ọmú á sì lò ó dé ọ̀sẹ̀ 12. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ máa gba gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ní àkókò rẹ̀, pàápàá ti hepatitis B tó yẹ kí ó gbà láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i.

Ọmú, àti àwọn ará ilé

Kúbà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2015, pé ó ti fòpin sí bí HIV àti sífílíìsì ṣe ń ti ara ìyá ran ọmọ. Ara ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n fi mílíìkì rọ́pò ọmú ìyá tó ní i. Ẹnì kan lè wá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ fún ìyá ní Ìbàdàn tàbí ní Ìkòròdú pé kí ó fún ọmọ lọ́mú. Ìdáhùn wà nínú omi. Mílíìkì ọmọdé ń fẹ́ omi tó mọ́, gáàsì tàbí èédú tí wọ́n á fi sè é lọ́sàn-án lóru, ike tí wọ́n ń sè kí wọ́n tó lò ó, àti owó tí kò gbọ́dọ̀ já fún odidi oṣù mẹ́fà. Níbi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti já, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunkánú lè pa ọmọ tí HIV kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tí ìyá bá sì ń lo oògùn rẹ̀ láìfo ọjọ́ kan, ewu tó kù nínú ọmú kéré púpọ̀ sí ewu inú ike tí kò mọ́. Ìyá tó bá ní gbogbo ohun tí mílíìkì ń fẹ́, tí ó sì fẹ́ lò ó, lè bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá yan ọmú, ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Kò sí omi, kò sí agbo, kò sí gripe water, kò sí ògì. Oògùn tí dókítà kọ nìkan ni ó lè bá a wọlé. Ìfun ọmọ tuntun ṣì rọ̀, nǹkan mìíràn tó bá sì wọ inú rẹ̀ lè bó o lára, kí kòkòrò inú omi ọmú wá rí ojú ibẹ̀ wọlé.

Rírọ ọmọ ló ṣòro jù láti dá dúró, nítorí pé àwọn tó fẹ́ràn ọmọ náà jù ló ń ṣe é. Ìyá àgbà á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí ẹnu rẹ̀, á da agbo sí i, á di imú rẹ̀ kí ó lè gbé e mì, á sì ní ọmọ kì í lágbára láìmu agbo. Ìyá tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ mọ àṣírí òun kò nílò láti purọ́ kankan, torí ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo ìyá ní kíníkì, ẹni tó ní HIV àti ẹni tí kò ní i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, wà lára àwọn tó polongo ọmú nìkan kárí Nàìjíríà, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ sì lè rántí ìpolongo náà. Ẹ lè sọ pé, “Màámi, nọ́ọ̀sì ní ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ kan omi kó tó pé oṣù mẹ́fà, wọ́n sì máa béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi gbé e pọ̀n, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ tèmi.” Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n á máa ṣe fún ọmọ, ẹnu rẹ̀ á sì sinmi.

Ọjọ́ ìkómọjáde náà ń fẹ́ ìmúrasílẹ̀. Oyin, iyọ̀, omi, orógbó: bàbá tàbí ìyá lè tọ́ wọn wò lórúkọ ọmọ, kí àwọn àgbà sì ṣe àdúrà wọn lọ. Ẹ ti bá ẹni tó máa darí ètò sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí kò rọrùn láti di ọwọ́ àgbàlagbà mú lójú èrò. Bí ẹnì kan bá sì ti fún ọmọ lómi kí ẹ tó mọ̀, ẹ má torí ìyẹn já a lẹ́nu ọmú. Ẹ padà sí ọmú nìkan, kí ẹ má sì fo oògùn tiyín.

Ẹ máa yẹ ọmú yín wò. Orí ọmú tó là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ọmú tó wú tó ń gbóná, máa ń jẹ́ kí kòkòrò pọ̀ sí i nínú omi rẹ̀. Ẹ fi ọmú kejì fún ọmọ, ẹ fún omi ti ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn yín dànù, kí ẹ sì lọ sí kíníkì lọ́jọ́ náà. Bákan náà, bí ohun funfun bá bo ahọ́n ọmọ tí kì í nù kúrò, ẹ gbé e lọ, torí ẹnu tó bó jẹ́ ojú ọ̀nà. Obìnrin mìíràn kò gbọ́dọ̀ bá yín fún ọmọ lọ́mú, bí ẹ kò tilẹ̀ sí nílé.

Láti oṣù kẹfà, ẹ fi oúnjẹ kún ọmú, kí ẹ sì máa fún un lọ́mú lọ títí yóò fi pé ọdún kan ó kéré tán. Ó lè tó ọdún méjì bí ẹ bá ń lo oògùn déédéé. Ẹ má fi eyín jẹ ẹran tàbí ẹ̀pà kí ẹ tó fi í sí i lẹ́nu, nítorí wọ́n ti rí ọmọ tó gba bẹ́ẹ̀ kó HIV. Bí àkókò àtijá bá tó, ẹ já a díẹ̀díẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan, ẹ má ṣe é lójijì.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọnù. Ìyá ti sàn, ọmọ ń sanra, oògùn inú ìgò ti tán, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí náà ni ọmọ máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó tẹ̀ lé ti ọjọ́ ìbí, nítorí náà ìrìn kan ló máa gbé méjèèjì. Wọ́n á gún gìgísẹ̀ ọmọ, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí káàdì kan, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ewu rẹ̀ pọ̀ lè ti ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí. Èsì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà fóònù tí kò ní kú sílẹ̀, kí ẹ sì padà lọ béèrè bí wọn kò bá pè yín.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àyẹ̀wò orí ìka ti àgbàlagbà dá ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 lẹ́jọ́. Ohun tí àyẹ̀wò yẹn ń wá ni àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá HIV jà, ti ìyá sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ títí di ìgbà náà; ó lè sọ pé ọmọ ní i nígbà tí kò ní i rárá.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ oògùn cotrimoxazole, tí kò ní jẹ́ kí òtútù àyà burúkú mú un, títí wọ́n á fi mọ̀ dájú pé kò ní HIV, tí ọmú sì ti tán. Bí èsì ọ̀sẹ̀ kẹfà bá ní kòkòrò wà lára rẹ̀, oògùn á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti fi jẹ́rìí. Wọn kì í retí èsì kejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń yára ni pé láìsí oògùn, bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ló máa ń kú kí ó tó pé ọdún kan. Ìwádìí kan láti South Africa, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, fi hàn pé bíbẹ̀rẹ̀ oògùn ní kùtùkùtù dín ikú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Dolutegravir ti ọmọdé, tó ń yọ́ nínú omi, ti wà fún ọmọ tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó sì wọ̀n tó kílógíráàmù mẹ́ta.

Bí èsì bá ní kò sí, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, nítorí ọmọ ṣì ń mu ọmú. Wọ́n á tún un yẹ̀ wò ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ní oṣù 18, tàbí ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ó bá já lẹ́nu ọmú, èyí tó bá gbẹ̀yìn nínú méjèèjì.

Àṣírí àti ẹ̀tọ́ yín

Olikoye Ransome-Kuti kan náà tí a dárúkọ lókè ló jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1997 láti kéde pé Éèdì ló pa àbúrò òun, Fela Aníkúlápó-Kútì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi irú rẹ̀ bò. Kò di dandan kí ìyá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó pọn dandan ni kí ẹnì kan nínú ilé mọ̀, ẹni tí yóò rántí oògùn lọ́jọ́ tí ara yín kò bá le, tí yóò sì fún ọmọ ní tirẹ̀ bí ẹ kò bá sí nílé. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ní kíníkì bóyá wọ́n ní àwọn ìyá tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá, tí wọ́n ń tọ́ àwọn ìyá tuntun sọ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní wọn. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 kò fàyè gba kí wọ́n fi HIV lé èèyàn kúrò níbi iṣẹ́, tàbí kí òṣìṣẹ́ ìlera tú èsì yín síta.

Ìyá tó bá fẹ́ bí ọmọ mìíràn lè bí i. Kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, kí ó dúró títí àyẹ̀wò kò fi ní rí i mọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn folic acid, kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó pa kọ́ńdọ̀mù tì. Títí di ìgbà náà, kí ó bèèrè ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní kíníkì kan náà tí ó ti ń gba oògùn rẹ̀.